Ọkọ̀ òṣùpá: ṣé agbaṣẹ́ṣe kan tó, àbí méjì?

Ìbéèrè tó dá a sílẹ̀:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi tú. NASA, iléeṣẹ́ òfurufú Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ ọkọ̀ tó máa gbé èèyàn balẹ̀ sórí òṣùpá fún SpaceX ní 2021. Ní 2023 wọ́n tún gbé irú iṣẹ́ kan náà fún Blue Origin. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá 2025, Sean Duffy tó ń ṣe adelé ọ̀gá NASA nígbà náà jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní SpaceX ti pẹ́ jù, òun máa ṣí iṣẹ́ náà kí àwọn mìíràn wá dù ú. Kí ló dé? Nígbà Apollo, ètò tó kọ́kọ́ gbé èèyàn dé òṣùpá, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kọ́ ọkọ̀ yẹn, wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n padà wálé. Lójú tèmi, ẹ mú ẹnì kan, ẹ di ọrùn rẹ̀ mú, kó parí iṣẹ́. Ìdíje yìí ń fowó ṣòfò lásán ni. Àbí mo parọ́?

* * *

Àbúrò, o ò parọ́, ṣùgbọ́n o fo ibi tó le jù nínú ìtàn náà. Ti Apollo tí o fà yọ, màá padà sí i, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti díjú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ to bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí mo ti rí ẹni márùn-ún tó ń sọ níbí pé NASA kàn fẹ́ràn Musk, ọ̀gá SpaceX, ni. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin 2020, ẹni mẹ́ta ni NASA mú pé kí wọ́n lọ ya àwòrán ọkọ̀ wọn wá. Blue Origin, tó kó Lockheed Martin, Northrop Grumman àti Draper mọ́ra, gba mílíọ̀nù 579 dọ́là. Dynetics gba mílíọ̀nù 253. SpaceX ló gba èyí tó kéré jù, mílíọ̀nù 135. Boeing náà dù ú, wọn ò mú un. Ohun tí gbogbo èèyàn ń retí ni pé tó bá yá, ẹnì kan á já, méjì á kù.

Lẹ́yìn náà lọ̀rọ̀ wá kan owó. NASA béèrè bílíọ̀nù 3.3 dọ́là lọ́wọ́ àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà fún ọdún ìnáwó 2021. Mílíọ̀nù 850 ni wọ́n fún un. Ọmọ béèrè owó ìyàwó, bàbá fún un lówó ọtí. Láti kọ́ ọkọ̀ náà, Dynetics pe bílíọ̀nù 9.08 dọ́là. Blue Origin pe 5.99. SpaceX pe 2.89, ó tún gbà kí wọ́n pín ọjọ́ ìsanwó rẹ̀ kó lè bá ohun tó wà lápò mu. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin 2021, Kathy Lueders, ọ̀gá ẹ̀ka tó ń gbé èèyàn lọ sí òfurufú ní NASA, fọwọ́ sí ìwé: SpaceX nìkan.

Ẹ̀yin tí ẹ sọ pé owó nìkan ló yàn án, ẹ sún mọ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé ìpinnu yẹn. Lórí bí wọ́n ṣe ń darí iṣẹ́, SpaceX ló gba máàkì tó ga jù. Ti Dynetics, ọkọ̀ náà ti wúwo kọjá ààlà tí wọ́n fún un lórí ìwé lásán, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì kan ìṣó kan mọ́ ọn. Ẹ sì mọ̀ pé kò sí ohun tí wọ́n ń kọ́ láyé yìí tó máa ń fúyẹ́ sí i bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ.

* * *

Ẹnì kan sọ pé kóòtù ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Kò ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, ó dá a dúró ni. Blue Origin àti Dynetics gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ GAO, iléeṣẹ́ tó ń ṣọ́ bí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ń náwó. GAO dá wọn lẹ́bi ní ọjọ́ 30 oṣù Keje 2021: NASA ti kọ ọ́ sínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun lè mú ẹnì kan, òun lè mú púpọ̀, òun sì lè má mú ẹnikẹ́ni. Ni Blue Origin bá gba kóòtù ìjọba àpapọ̀ lọ, ó tún pàdánù níbẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá. Ìgbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni NASA ní láti dá iṣẹ́ SpaceX dúró láàárín àkókò yẹn.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni lẹ́tà tí Jeff Bezos, ẹni tó ni Blue Origin, kọ sí Bill Nelson, ọ̀gá NASA nígbà yẹn, ní ọjọ́ 26 oṣù Keje. Ó ní òun máa yọ̀ǹda owó tó tó bílíọ̀nù 2 dọ́là. Ẹ ti lọ sọ́jà rí. O dúró níwájú ìsọ̀ kan, o ní kí ó dín in kù, ó ní kò sí ohun tó lè dín. O kọjá síwájú, o rà á lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, o ti ń so ó mọ́ ọwọ́. Ìgbà yẹn lo wá gbọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ ń pariwo lẹ́yìn rẹ: "Ìyá, ẹ padà wá! Ẹ wá mú un ní iye tí ẹ pè!" Bí ó bá lè dín in kù tẹ́lẹ̀, kí ló dé tí kò dín in?

* * *

Ní ti pé kí a mú ẹnì kan ká sì di ọrùn rẹ̀ mú, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, èmi ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ní ìjọ wa n'Íbàdàn. Iṣẹ́ dé orí òrùlé. Káfíńtà mẹ́ta la pè. Ẹni àkọ́kọ́ pe owó tí alàgbà kan fi yọ ojú gígùn. Èkejì dín díẹ̀ sí i. Ẹ̀kẹta pe ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti èkejì, ó ní òun á máa gbà á díẹ̀díẹ̀ bí ọrẹ bá ṣe ń wọlé. Kò sí owó ẹni méjì nílẹ̀, a mú un, a dúpẹ́.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkùnrin náà ṣiṣẹ́ bí ẹni tí iná ń jó lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò rí i mọ́ àfi ní Sátidé, bí òjò ò bá rọ̀. Mo wá a lọ. Mo bá a lórí ilé tirẹ̀ tó ń kọ́, ìṣó mẹ́rin lẹ́nu rẹ̀, ó ń fi òòlù juwọ́ sí mi. Ó yọ ìṣó lẹ́nu, ó bọ́ fìlà, ó ní, "Alàgbà, iṣẹ́ yín wà lọ́kàn mi." Pákó wa wà nínú òjò níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, orí rẹ̀ ti ń dúdú, olú ti ń hù lára ọ̀kan.

Àbúrò, bá mi di ọrùn yẹn mú. Tí mo bá lé e, èmi ni màá tún wá ẹlòmíràn. Ẹni tí mo bá sì bá á mọ̀ pé mo ti há, iye tó máa pè á ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọrùn tèmi ló wà lọ́wọ́ káfíńtà.

* * *

Ó dáa, Apollo.

Òótọ́ ni pé ilé iṣẹ́ kan ló kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n wọ́n díje kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: ilé iṣẹ́ mọ́kànlá ni NASA pè ní 1962, mẹ́sàn-án dáhùn, Grumman tó wà ní Bethpage lórí Long Island ló mú un ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn. Láti ìgbà náà lọ, kò sí olùdíje mọ́. Grumman náà sì pẹ́! Ọkọ̀ náà wúwo, wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n tún gbẹ́ ẹ. Thomas Kelly àti àwọn ẹnjiníà rẹ̀ yọ àga kúrò pátápátá, àwọn arìnrìn-àjò á wà lórí ìdúró títí ọkọ̀ á fi balẹ̀. Wọ́n sọ fèrèsé ńlá di onígun mẹ́ta kékeré. Ara ògiri rẹ̀ ní àwọn ibì kan kò ju 0.3 mìlímítà lọ, ẹ mú agolo mílíìkì kan kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wò. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, nígbà tí Apollo 8 lọ yí òṣùpá ká ní oṣù Kejìlá 1968, kò mú ọkọ̀ abalẹ̀ dání, nítorí kò tíì ṣetán. Oṣù Kẹta 1969 lèèyàn kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ gbé e fò, lórí Apollo 9. Ní oṣù Keje, ó balẹ̀.

Kí ló dé tí pípẹ́ yẹn kò fi pa wọ́n? Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń san owó. Ohunkóhun tí Grumman bá ná, NASA á san án, á tún fi èrè lé e. Tí NASA bá ní kí ẹ gba ọgọ́rùn-ún èèyàn sí i, kí ẹ máa ṣiṣẹ́ òru, wọ́n á ṣe é, owó ń bẹ. Ní 1966, NASA nìkan ń jẹ lé ní ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìnáwó ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Lóde òní, kò tó ìdajì ìdá kan.

SpaceX àti Blue Origin ò sí lábẹ́ irú àdéhùn yẹn. Iye kan pàtó ni wọ́n pè. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àpò wọn ni yóò ti jáde. Gbogbo ayé ń yìn ín pé ó gbọ́n, ó sì gbọ́n lóòótọ́. Ibi tí kò gbọ́n dé ni pé ẹni tó fi owó tirẹ̀ kún owó rẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ rẹ mọ́. Starship tí SpaceX ń kọ́, Mars ló wà lọ́kàn Musk tó fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì fẹ́ máa fi kó sátẹ́láìtì Starlink. Òṣùpá jẹ́ èrò kan láàárín èrò. NASA rò pé òun ṣátà mọ́tò, dáńfó ló wọ̀. Ẹni tó wọ dáńfó ò lè ní kí dẹ́rẹ́bà má dúró ní bọ́síitọ́ọ̀pù. Ohun kan ṣoṣo tó lè ṣe ni kó ní òun máa bọ́ sílẹ̀, ìyẹn náà sì dọwọ́ bí dáńfó mìíràn bá ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní àgbaṣe kejì kì í ṣe ìfowóṣòfò. Owó dáńfó kejì ni.

* * *

Ẹnì kan béèrè bóyá lóòótọ́ ni Grumman fi bíìlì ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn Apollo 13.

Òótọ́ ni, àwàdà ni. Ní oṣù Kẹrin 1970, táńkì ọ́síjìn bẹ́ lára ọkọ̀ tí North American Rockwell kọ́. Ọkọ̀ abalẹ̀ ti Grumman ni àwọn arìnrìn-àjò mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ sá wọ̀, òun ló sì tì wọ́n sọ́nà ilé. Ni àwọn ará Bethpage bá kọ bíìlì sí Rockwell: owó fífa mọ́tò tó bà jẹ́, dọ́là 4 fún máìlì àkọ́kọ́, dọ́là 1 fún máìlì kọ̀ọ̀kan tó kù. Wọ́n fi owó bátìrì kún un, wọ́n fi owó ọ́síjìn kún un, wọ́n fi owó ibùsùn kún un, wọ́n wá yọ ẹ̀dínwó oníbàárà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 312,421 dọ́là àti sẹ́ńtì 24. Rockwell fèsì pé kò sí ẹni tó tíì san owó fún àwọn lórí gbogbo ìgbà tí àwọn ti ń gbé ọkọ̀ Grumman lọ sí òṣùpá.

Ẹ jẹ́ ká padà.

* * *

Epo ni ìjà gidi, ẹ̀yin kan ń fò ó.

Ọkọ̀ òṣùpá ti Starship ga tó nǹkan bí mítà 50. Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ jẹ́ mítà 105, ẹ gé e sí méjì kí ẹ gbé ìdajì rẹ̀ lọ fi ẹsẹ̀ dúró lórí òkúta òṣùpá. Lífítì ni wọ́n máa gbà sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kì í ku epo tó máa gbé e dé òṣùpá mọ́ tó bá ti gòkè tán. Àwọn táńkà ni yóò máa gòkè tẹ̀lé ara wọn wá rọ mẹ́táénì àti ọ́síjìn olómi sínú rẹ̀. Mélòó? Musk ní kò ní ju mẹ́jọ lọ. Ọ̀gá NASA kan sọ ní 2023 pé ó máa lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dáadáa. Títí 2025 fi parí, ọkọ̀ kan ò tíì rọ epo fún èkejì lókè. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n gbé epo láti táńkì kan sí òmíràn nínú ọkọ̀ kan náà, ní oṣù Kẹta 2024. Ọdún 2025 gan-an bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ mẹ́ta tó ṣègbé léraléra, òmíràn sì bẹ́ sórí ibi tí wọ́n ti ń dán an wò ní oṣù Kẹfà, kí méjì tó ṣe dáadáa lẹ́yìn ìyẹn.

Ní 2021, nígbà tí Blue Origin wà lẹ́nu ẹjọ́, wọ́n ya àwòrán kan káàkiri pé ọ̀nà SpaceX díjú, ó sì léwu púpọ̀. Wọ́n fi àkàbà kékeré tiwọn wé ẹnu ọ̀nà Starship tó wà ní mítà 38 sókè. Wọ́n ka iye ìgbà tí wọ́n máa rọ epo. Mo gbà wọ́n gbọ́ nígbà náà, mi ò jiyàn.

Nígbà tí NASA wá fún wọn ní bílíọ̀nù 3.4 dọ́là ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 2023 fún Artemis V, ìrìn àjò karùn-ún nínú ètò tí wọ́n fẹ́ fi padà sí òṣùpá, kí ni Blue Moon Mark 2 tí wọ́n gbé wá? Ọkọ̀ mítà 16 tí wọ́n gbọ́dọ̀ rọ epo sí lókè! Lockheed Martin ló máa kọ́ táńkà rẹ̀. Epo rẹ̀ sì ni háídírójìn olómi, tó gbọ́dọ̀ tutù tó −253 °C kó má baà di atẹ́gùn lọ, háídírójìn tó ń rí ihò tí ojú ò rí. Mẹ́táénì rọrùn jù ú lọ lọ́nà yẹn. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́ ló wá ń tiro yìí.

Síbẹ̀, èmi ò bú wọn fún un. Àwọn méjèèjì dé ibi kan náà nítorí pé ohun tí NASA ń béèrè báyìí, kí èèyàn púpọ̀ gbé níbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, kò ṣeé ṣe pẹ̀lú agolo mílíìkì ti 1969.

* * *

Èyí wá láti Houston: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbàgbé Starliner."

Mi ò gbàgbé ọkọ̀ Boeing yẹn, mò ń tọ́jú rẹ̀ fún ọ ni. Ní 2014, NASA fún Boeing ní bílíọ̀nù 4.2 dọ́là, ó fún SpaceX ní 2.6, kí àwọn méjèèjì máa gbé èèyàn lọ sí ibùdó òfurufú. Àwọn kan nígbà yẹn ní Boeing nìkan tó, àgbà ni, ó mọ iṣẹ́. SpaceX gbé èèyàn ní oṣù Karùn-ún 2020. Ti Boeing di oṣù Kẹfà 2024, ẹ̀rọ rẹ̀ sì ṣe ségesège débi pé Butch Wilmore àti Suni Williams, tó yẹ kí wọ́n lo nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ, lo oṣù mẹ́sàn-án. Ọkọ̀ SpaceX ló gbé wọn wálé ní oṣù Kẹta 2025. Ká ní wọ́n ti gbọ́ tàwọn tó ń sọ pé ẹnì kan tó ńkọ́?

Àbúrò tó béèrè, ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ ti já nìyẹn fún mi.

* * *

Ẹni tó sọ pé Ṣáínà ò díje, wọ́n sì ń lọ: bẹ́ẹ̀ ni. Lanyue ni wọ́n pe ọkọ̀ wọn, wọ́n dán bíbalẹ̀ àti gbígbéra rẹ̀ wò ní Hebei ní oṣù Kẹjọ 2025, wọ́n ní àwọn á gbé èèyàn débẹ̀ kí 2030 tó dé. Ilé iṣẹ́ ìjọba ló ń kọ́ ọ, owó ìjọba ni. Bíi ti Apollo ni, wọ́n ṣátà tiwọn. Rọ́ṣíà ìgbà ayé Soviet ló yẹ kí ẹ fi bá mi jiyàn, níbi tí àwọn ọ̀gá ẹnjiníà ti ń bá ara wọn díje lábẹ́ ìjọba kan náà tí owó sì ń fọ́n ká. Rọ́kẹ́ẹ̀tì N1 wọn fò lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ṣègbé lẹ́ẹ̀mẹrin. Nítorí náà, mi ò sọ pé ìdíje máa ń mérè wá nígbà gbogbo. Dáńfó méjì tó ń du èrò kan lè ré sí kòtò papọ̀.

* * *

"Kí wá ni Duffy ṣe gan-an? Ṣé ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ SpaceX?"

Kò gbà á. Ariwo ló pa, Musk bú u lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ilé iṣẹ́ méjèèjì wá gbé ètò tó rọrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ síwájú NASA. Láàárín oṣù kan! Artemis III, ìrìn àjò tí ọkọ̀ SpaceX yẹ kó fi gbé èèyàn balẹ̀ nígbà náà, tí wọ́n kọ́kọ́ dá ọjọ́ rẹ̀ sí 2024 ti sún lọ sí 2025, lọ sí 2026, lọ sí 2027, ẹnikẹ́ni ò mú ètò tó rọrùn jáde. Ọjọ́ tí wọ́n ní ẹnì kejì lè jẹ́ ti àkọ́kọ́ ni àwọn méjèèjì rántí pé ọ̀nà kúkúrú wà.

Ohun tí mo lòdì sí ni pé wọ́n dúró títí di 2023 kí wọ́n tó mú ẹnì kejì. Dáńfó kejì ṣì ń to ẹ́ńjìnnì jọ. New Glenn, rọ́kẹ́ẹ̀tì tí Blue Origin máa fi gbé e, oṣù Kìíní 2025 ló kọ́kọ́ fò. Owó tí àwọn aṣòfin rò pé àwọn ń ṣọ́ ní 2021, ọdún méjì ni wọ́n fi san án.

* * *

Ẹni mẹ́ta ti béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òrùlé ìjọ wa, ó yà mí lẹ́nu pé ìyẹn ló kàn yín.

Oṣù mẹ́sàn-án ló gbà dípò oṣù méjì. A ra pákó méje mìíràn. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ìjì kan jà ní àdúgbò wa, ó ṣí páànù ilé ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ká ti ilé méjì níwájú bí ẹní. Tiwa ò mì. Káfíńtà náà ṣì ń bẹ, irun rẹ̀ ti funfun díẹ̀. Ní báyìí, ìjọ fẹ́ kọ́ ilé àlùfáà, gbogbo wọn ní òun ni kí a pè. Mo ní kó máa bọ̀, ṣùgbọ́n mo ti ní kí ẹlòmíràn náà wá wọn ilé lọ́jọ́ kan náà, ní aago kan náà.